Ilé Alájà Mẹ́ta, Ráútà Kan: Ibi Tó Yẹ Kí Waya Dé, Ibi Tí Wi-Fi Tó

Tí ẹ bá wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Gwarinpa tàbí Lokogoma, tí ẹ bá ọmọ ilé lórí àtẹ̀gùn, laptop lórí itan, ẹ má bi í léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀. Ojú àtẹ̀gùn ni Wi-Fi ń gbà gòkè. Nínú yàrá tirẹ̀ gan-an, ìlà kan péré ló ń hàn lórí fóònù.

Iṣẹ́ fífa waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń ṣe ní Àbújà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí sì jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tèmi, láti Kubwa títí dé Lugbe. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fa waya ni, àbí kí n ra àwọn Wi-Fi olórí mẹ́ta tí wọ́n ń tà yẹn?" Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn lójú ẹsẹ̀, torí méjèèjì ni. Waya ni kó gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti àjà dé àjà, kí Wi-Fi wá pín in nínú àjà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ó ṣe ṣe é láìná owó lẹ́ẹ̀mejì ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi tí àìsàn náà wà

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé laptop lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ẹ fi waya kúkúrú so wọ́n pọ̀, kí ẹ wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré sí. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti délé. Ká ní 20 Mbps (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn eré íntánẹ́ẹ̀tì) lẹ sanwó fún, tó sì jẹ́ 6 ló ń wọlé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Kò sí waya inú ilé tó lè sọ 6 di 20. Àmọ́ tó bá jẹ́ 20 pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, tó wá di 2 ní àjà kejì, ilé yín ló jẹ 18 tó kù. Ìyẹn la lè tún ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé, ẹ ya àwòrán àjà kọ̀ọ̀kan sí i, kò pọn dandan kó rẹwà. Ẹ wa ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń wọn agbára Wi-Fi sórí fóònù Android, kí ẹ máa lọ láti yàrá dé yàrá, kí ilẹ̀kùn wà ní títì bó ṣe máa ń wà lóru. Áàpù náà yóò fún yín ní nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, dBm ni wọ́n ń pè é. -50 dára gan-an. Tó bá wà láàárín -60 sí -67, ẹ lè fi ṣe ìpàdé Zoom láìsí wàhálà. Ní -75, fíìmù á máa dúró láti mí. Tó bá ti wọ -80, orí àtẹ̀gùn ti ń pè yín nìyẹn. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì: bó bá fi 3 péré lọ sílẹ̀, ìdajì agbára ti lọ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán yẹn, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí dẹ́kìn ń fojú Wi-Fi rí

Ohun tí wọ́n ń kọ sára páálí ẹ̀rọ wọ̀nyí, pé ó tó fún ilé tó tóbi tó báyìí, ilé onípákó àti ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti òkè òkun ló bá mu. Búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án ni tiwa, a tún rẹ́ ẹ tojú tẹ̀yìn. Dẹ́kìn tó wà láàárín àjà sí àjà ló burú jù: kọ́ńkéré ni, irin rọ́ọ̀dù sì wà nínú rẹ̀ bí àwọ̀n ẹja láti igun dé igun. Irin ń ta ìgbì Wi-Fi padà, kọ́ńkéré ń gbé èyí tó ṣẹ́ kù mì. Ẹ wá fi ilẹ̀kùn irin, díńgí ńlá àti táǹkì omi kún un.

Ìgbì méjì ló wọ́pọ̀. 2.4 GHz ń la ògiri kọjá díẹ̀, àmọ́ kò yára, gbogbo aládùúgbò ló sì wà lórí rẹ̀. 5 GHz ń sáré bí ẹṣin, ṣùgbọ́n dẹ́kìn kan ṣoṣo ti máa ń tó láti mú un wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù yín fi máa ń bọ́ sórí 2.4 tí ẹ bá ti gòkè, tí ohun gbogbo á wá máa wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà Wi-Fi ṣì ń hàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀

Ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣàn. Ẹ gbé e kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí waya rẹ̀ bá gùn tó, àjà àárín, nítòsí àtẹ̀gùn, ni kó wà. Kó má ṣe wọ inú sílíìn lábẹ́ páànù o. Oòrùn oṣù kẹta Àbújà yóò yan án bí sùyà.

Tí ráútà náà bá ní eriali tó ń nàró, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ni ìgbì rẹ̀ ń gbà jáde, ó yí eriali náà ká bí òṣùká. Díẹ̀ ló ń gba orí rẹ̀ lọ sókè. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nàró fún àjà tó wà, kí ẹ tẹ èkejì dùbúlẹ̀ fún àjà òkè. Mo ti rí ilé tí èyí nìkan yanjú ọ̀rọ̀ yàrá kan, tí wọ́n sì fi owó mi sílẹ̀ sápò wọn. Mi ò bínú.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lo ráútà 4G tàbí 5G yàtọ̀. Ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lókè pátápátá, ni ráútà irú wọn ti sábà máa ń gba íntánẹ́ẹ̀tì jù. Ẹ má torí pálọ̀ gbé e wálẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lókè, kí waya sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn tó ń lo Starlink náà ní láti wo ẹ̀yìn ráútà wọn: èyí tó jẹ́ ìran kẹta ní ojú waya méjì, ti ìran kejì kò ní rárá, àfi kí ẹ ra ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ kí ẹ tó lè fa waya jáde nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya ohun tó ń rìn sọ́tọ̀

Ẹ ka gbogbo ohun tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Fóònù, tablet àti laptop ń bá èèyàn rìn, Wi-Fi ni tiwọn. Tẹlifíṣàn, kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà ara fẹ́ǹsì: ibi tí ẹ gbé e sí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn náà ló ṣì wà. Kí ló wá ń wá lórí Wi-Fi? Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí ìgbì kan náà ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ọ̀kan kì í sọ kí èkejì máa sọ. Kámẹ́rà mẹ́rin tó ń gbé àwòrán tọ̀sántòru ń gba àyè lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ iléèwé.

Ká ní ilé yín ní tẹlifíṣàn méjì, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan àti kámẹ́rà mẹ́rin, méje nìyẹn. Tí ráútà bá wà nísàlẹ̀, ẹ fi waya kan kún un fún àjà kìíní, àti kan fún àjà kejì, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ́n Wi-Fi yóò wà. Ó di mẹ́sàn-án. Ẹ fi èyí tó ń lọ sí ráútà kún un, ó di mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé switch (àpótí tí gbogbo waya ilé ń pàdé sí) olójú mẹ́jọ kò gbà yín mọ́, olójú mẹ́rìndínlógún ni kí ẹ rà. Kí ẹ rí i pé gigabit, ìyẹn 1 Gbps tàbí 1000 Mbps, ni wọ́n kọ sára rẹ̀, torí àwọn kan ṣì ń ta èyí tí kò lè kọjá 100 Mbps.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbà la dẹ́kìn kọjá

Extender, ẹ̀rọ tó ń tún Wi-Fi ráútà fọ́n síwájú, ni ó pọ̀ jù lọ́jà, òun náà ló ń já èèyàn kulẹ̀ jù. Ó ń gbọ́, ó tún ń sọ ohun tó gbọ́ lórí ìgbì kan náà, nítorí náà nǹkan bí ìdajì eré rẹ̀ ti lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Mesh, àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, sàn jù ú lọ dáadáa, torí àwọn ẹ̀rọ náà mọ ara wọn, fóònù sì lè bọ́ láti ọwọ́ ọ̀kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹ yí orúkọ Wi-Fi padà. Àmọ́ ẹ bi ara yín: báwo ni ti àjà kejì yóò ṣe gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ti ìsàlẹ̀? Tó bá jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ni, dẹ́kìn náà ṣì wà níbẹ̀. Mesh tó ní ìgbì kẹta tó yà sọ́tọ̀ fún ìbánisọ̀rọ̀ láàárín ara wọn yóò gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá ki waya bọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni ẹ ó tó mọ agbára rẹ̀. Ẹ má ra mesh tí kò ní ojú waya lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń gba inú waya iná ilé kọjá, powerline ni wọ́n ń pè é. Lójú, ó dà bí ẹni pé ó ti yanjú ohun gbogbo, ẹ ó kàn ki ọ̀kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lókè, kí ẹ ki èkejì bọ ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí iná ilé Àbújà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá ló ń lo mítà oní-fésì mẹ́ta, tí fésì ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè. Ẹ̀rọ náà fẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà lórí fésì kan náà. Tí NEPA bá tún mú iná, tí ọ̀kan bọ́ sórí ìnfátà, tí èkejì wà lórí òfo, ó parí. Ẹ má rà á, àfi tí ẹni tó ń tà á bá gbà láti gbà á padà tí kò bá ṣiṣẹ́.

Waya ló kù. Bí ẹ ó ṣe fà á sì wà lọ́wọ́ irú ilé tí ẹ ń gbé.

Ẹni tó ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́ ló láyọ̀ jù. Ẹ pe rìwáyà yín kí wọ́n tó da dẹ́kìn, ẹ ní kó fi páìpù oní-25 mm lọ́tọ̀ láti ibì kan nísàlẹ̀ gòkè dé àjà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú okùn nínú rẹ̀ tí ẹ ó fi fa waya bó bá yá. Kò ju owó páìpù mélòó kan lọ. Páìpù tí ẹ kò rì mọ́ dẹ́kìn lónìí, ẹ̀rọ lílu kọ́ńkéré ni ẹ ó fi wá a lọ́la. Ẹ má sì jẹ́ kí ó da waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ ti iná nínú páìpù kan náà, bó ti wù kó máa fi Ọlọ́run búra pé kò sí nǹkan tó máa ṣe. Tí méjèèjì bá jọ ń lọ gbọọrọ, ẹ fi nǹkan bí 30 cm sáàárín wọn. Tí wọ́n bá ní láti pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn.

Nínú ilé tó ti parí, ẹ wá páìpù waya DStv tàbí ti tẹlifóònù àtijọ́. Waya DStv náà lè di okùn tí ẹ ó fi fa tuntun wọlé: ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹnì kan máa fà lókè, kí ẹnì kan máa tì í nísàlẹ̀. Tí kò bá sí páìpù, ẹ gba ẹ̀yìn ilé.

Ayálégbé kò lè máa lu ògiri onílé. Ihò tí páìpù ẹ́síì gbà jáde ni ọ̀nà tiyín: waya bá a jáde nísàlẹ̀, ó gun ara ògiri, ó bá ti òkè wọlé. Waya dúdú tí wọ́n ṣe fún ìta ni kí ẹ lò, torí oòrùn ibí yóò jẹ awọ rọ́bà ti waya inú ilé títí yóò fi máa rún bí bísíkíìtì. Ibi tó bá ti fẹ́ wọlé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ ihò, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta alumíníọ̀mù fún yín

Waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìpele, Cat ni wọ́n ń fi pè é. Cat6 tó jẹ́ bàbà pọ́ńbélé ni kí ẹ béèrè. Cat5e náà lè gbé 1 Gbps dé 100 mítà, kò sì sí ilé alájà mẹ́ta tó ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí. Ohun tí Cat6 fi jù ú lọ ni pé ó lè gbé 10 Gbps dé nǹkan bí 55 mítà, ìyẹn sì dára fún ọjọ́ iwájú. Àwọn tó ń pariwo Cat8 ń ta orúkọ ni. Páálí kan máa ń jẹ́ 305 mítà. Waya mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 mítà kò ju 200 lọ, nítorí náà páálí kan tó ilé kan, ó tún ṣẹ́ kù.

Wàhálà ibẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi bàbà ta alumíníọ̀mù lára. Mo rà á rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí pé ó gbọ̀pọ̀. Mo fi gbé kámẹ́rà sí ilé ẹnì kan, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ́gí lọ́sàn-án, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kámẹ́rà tó jìnnà jù á kú, á tún jí, á tún kú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bá kámẹ́rà náà jà kí n tó mọ̀ pé waya ni: alẹ́ ni iná kámẹ́rà máa ń tàn, ìgbà náà ló ń fẹ́ iná púpọ̀, alumíníọ̀mù yẹn kò sì lè gbé e dé ibẹ̀. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fi owó ara mi ra òmíràn.

Tí ẹ bá lọ sí Banex tàbí ọjà Wuse, ẹ mú abẹ dání. Ẹ ha ojú waya kan: tó bá pupa wọnú, bàbà ni, tó bá funfun lábẹ́ ìpele pupa náà, ẹ dá a padà. Ẹ tún fi ọwọ́ wọn páálí méjì. Alumíníọ̀mù fúyẹ́ púpọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ orí rẹ̀, waya mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ìlànà B (T568B) ni gbogbo wa ń lò láti to àwọ̀ wọn: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Bákan náà ni kó rí lórí méjèèjì. Ẹ má tú ìlọ́pọ̀ wọn ju ìwọ̀n orí ìka lọ, torí ìlọ́pọ̀ yẹn ló ń lé ariwo jìnnà. Tí kọ̀ǹpútà bá ń sọ pé 100 Mbps ni òun rí dípò 1 Gbps, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú mẹ́jọ má fara kàn. Mẹ́rin péré ni 100 Mbps ń lò, ìdí nìyẹn tí kò fi kú pátápátá. Ẹ̀rọ ìdánwò kékeré tó ń tan iná láti 1 dé 8 yóò fi hàn yín. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí orí méjèèjì waya kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn tó jọra.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iná

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà kì í dé ibí yìí, níbi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti le jù. Ẹ ra mesh mẹ́ta, ọ̀kan ní àjà kọ̀ọ̀kan, iná lọ. Ìnfátà yín, pálọ̀ àti yàrá ńlá nìkan ló ń gbé. Ti àjà kejì kú, àwọn tó wà lókè sì ń pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, nígbà tí ráútà ń tan yanran nísàlẹ̀. Kódà ẹ̀yin tó wà lórí Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin tó kù lè bọ́ sórí ìpàdé yín.

Waya yanjú èyí pẹ̀lú. PoE ni wọ́n ń pe switch tó ń fi iná ránṣẹ́ nínú waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀: irú ti àkọ́kọ́ ń fún ojú kọ̀ọ̀kan ní 15.4 W, èyí tó tẹ̀ lé e ń fún un ní 30 W. Ẹ̀rọ Wi-Fi tó wà lára sílíìn lókè kò nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, kámẹ́rà náà kò nílò. Ẹ kó ráútà àti switch sí ojú kan, ẹ fún ojú kan yẹn ní ìnfátà, gbogbo ilé wà láàyè. Ká ní gbogbo rẹ̀ ń jẹ 40 W. Bátìrì 12 V, 100 Ah, tí ẹ kò jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, yóò gbé e fún nǹkan bí wákàtí 12 lẹ́yìn tí ìnfátà bá ti jẹ ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ wo iye iná tí PoE náà lè fún gbogbo ojú rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ti ojú kan ṣoṣo.

Àrá ńkọ́? Ẹ má fi waya bàbà so ilé ńlá pọ̀ mọ́ BQ tàbí ilé mégádì. Ìjì oṣù kẹrin ibí kì í ṣeré. Mànàmáná kò ní láti bọ́ sórí ilé yín, kó bọ́ sítòsí ti tó láti rán iná gba inú waya yẹn jó switch, kó sì bá a dé ara tẹlifíṣàn. Láàárín ilé méjì, fáíbà ni kí ẹ lò pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyípadà kékeré kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì ni inú fáíbà, kì í gbé iná. Kí ẹ rí i pé èyí tí ẹ rà kò ní okùn irin nínú.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ sọ èdè kan

Ráútà àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lè di ẹ̀rọ Wi-Fi fún àjà òkè, ẹ ò ní ra tuntun. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ yàn án sí AP mode, ìyẹn kó máa fọ́n Wi-Fi nìkan, tó bá ní i. Tí kò bá ní, ẹ pa DHCP rẹ̀, ètò tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún àwọn ẹ̀rọ, torí ẹni méjì kì í pín àdírẹ́ẹ̀sì nínú ilé kan. Ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tó yàtọ̀, bíi 192.168.1.2 tí ti ráútà gangan bá jẹ́ 192.168.1.1, kí ẹ sì ki waya náà bọ ojú LAN rẹ̀, ti inú ilé, kì í ṣe WAN tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé láti ìta. Orúkọ Wi-Fi kan náà, ọ̀rọ̀ìwọlé kan náà, lókè nísàlẹ̀. Ìkànnì (channel) nìkan ni kó yàtọ̀: lórí 2.4 GHz, 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, nítorí náà àjà mẹ́ta, ìkànnì mẹ́ta.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ki orí méjèèjì waya kan bọ inú switch kan náà. Ó máa ń mú gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò mọ̀ sì lè tú gbogbo ilé kó tó rí i.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, ẹ mú àwòrán ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn jáde, ẹ tún rìn yí ká pẹ̀lú fóònù, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ fi báírò àwọ̀ mìíràn kọ nọ́ńbà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Yàrá tí kò bá tíì dé -67, ẹ sún ẹ̀rọ Wi-Fi àjà náà síwájú tàbí sẹ́yìn kí ẹ tó ronú àtira òmíràn. Ẹ wá lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri níbi tí switch wà, pẹ̀lú nọ́ńbà waya kọ̀ọ̀kan àti yàrá tó lọ.